Béèrè Kí O Tó Mu: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Àìsàn Ká Mọ́ Òkè Òkun

   

Ọ̀rọ̀ àìlera ni mo mú wá lónìí. Kò sí oṣù kan tí ẹnì kan kò ní pè mí láti òkè òkun: "Awo, ara mi ò yá o. Ewé wo ni kí n lò níbi tí mo wà yìí?" Òmíràn á ní aládùúgbò òun gbé nǹkan gbígbóná fún òun, òun ò mọ̀ bóyá kí òun mu ún. Òmíràn á ní ìyá òun ti fi àgbo ránṣẹ́ láti ilé, ó wà nínú ìgò, ó sì ti ń hó. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ orúkọ ewé. Èmi kì í kọ́kọ́ dárúkọ ewé fún wọn. Ìbéèrè ni mo máa ń bi wọ́n, títí inú á fi bí ẹlòmíràn nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé ẹsẹ Ifá lè ní tó apá mẹ́jọ. Orúkọ awo tó dífá ló ń ṣáájú. Ẹni tí wọ́n dá a fún ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni ohun tó gbé onítọ̀hún dé ọ̀dọ̀ awo: ṣé ọmọ ló ń wá ni, àbí àìsàn ló ń ṣe é, àbí ìrìn àjò ló fẹ́ lọ? Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Lẹ́yìn náà la ó wá gbọ́ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀, bí inú rẹ̀ ti rí, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹbọ àti oògùn ò sí níbẹ̀rẹ̀. Ipò kẹrin ni wọ́n wà. Odù 256 la ní, ẹsẹ inú wọn ò sì lóǹkà, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: ẹnì kan ní láti dìde nílé rẹ̀, kó lọ béèrè, kó tó gbọ́ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ipò kẹrin ti fo mẹ́ta sílẹ̀. Ó lè mu ewé tó dáa o, kó wá jẹ́ pé àìsàn ẹlòmíràn ni ewé náà ń wò. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí ṣàlàyé rẹ̀.

Ní àwọn ọdún tí mo fi gbé Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo wá sílé fún ọdún Ifá. Mo dé Òkè-Sọ̀pin ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọ̀ màámi, mo lọ kí olúwo mi ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ sí Ìwópin, ní Ogun Waterside, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi tó ń pẹja lójú ọ̀sà. Mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù lálàáfíà. Ó di ọjọ́ kejìlá, òtútù dé. Eyín mi ń gbá ara wọn. Láìpẹ́ ara á gbóná janjan, orí á máa fọ́ mi, ẹnu á korò bí ìgbà tí mo jẹ òógùn jẹun.

Àwa mẹ́rin la ń gbé ilé náà. Ìyá àgbà kan tó ti Jàmáíkà wá ló ni ín. Arákùnrin ará Poland kan tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà wà níbẹ̀, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Íńdíà tó ń kàwé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ife mẹ́ta ti wà lórí tábìlì mi.

Ará Poland gbé mílíìkì gbígbóná wá, ó fi oyin, áyù àti bọ́tà sí i. Ó ní ohun tí ìyá òun máa ń fún òun nìyẹn bí òtútù bá mú òun. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé mílíìkì tirẹ̀ wá, ata ilẹ̀ pupa ló pò mọ́ ọn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó ní ní ilé àwọn, kò sí ọmọ tí kò mu ún rí. Ìyá onílé wá gbé tirẹ̀ dé, ó dúdú, kò fi ṣúgà sí i rárá. "Mu ún, ọmọ mi. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́." Orúkọ tó pè é ni cerasee. Mo kàn fi ahọ́n kàn án ni, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ewé yìí." Ó mú èyí tó kù nínú ọ̀rá wá, ewé gbígbẹ àti ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ejìnrìn ni! Ejìnrìn tí ń fà lára ọgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí a fi ń ṣe àgbo ibà fún ọmọdé, òun ni wọ́n ń pè ní cerasee ní Jàmáíkà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń hù ní Kúbà àti Bràsíì, orúkọ tó ń jẹ́ ló yàtọ̀.

Bí mo ṣe ń wo ejìnrìn ni fóònù dún. Màámi ni. "Ìgò tí mo dì sínú báàgì rẹ ńkọ́? Ewé òrúwọ wà níbẹ̀, epo ọ̀ganwó wà níbẹ̀, dogonyaro àti ewé ìbẹ́pẹ wà níbẹ̀. Mu ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣeun, màámi. Mo ti gbọ́."

Oògùn mẹ́rin nìyẹn, láti ilẹ̀ mẹ́rin. Kò sí ọ̀tá nínú àwọn tó gbé wọn wá. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Oyin máa ń tu ọ̀nà ọ̀fun lára, ohun gbígbóná máa ń bá ẹni tí òtútù mú ṣeré, ewé màámi sì ti wà lẹ́nu ìran wa tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì béèrè pé kí ló ń ṣe mí gan-an. Òtútù ni ará Poland rò pé ó jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ìyá onílé ń rò. Ibà ni màámi ń rò. Kálukú dá àìsàn tirẹ̀ mọ̀ lára mi, ó sì gbé oògùn rẹ̀ wá.

Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo pe olúwo mi ní Àgọ́-Ìwòyè kí ó bá mi dá a. Kí ó tó na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó bi mí pé, "Ọjọ́ mélòó lo ti kúrò nílé?" Mo ní méjìlá. "Ṣé ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni, àbí ó dúró sójú kan?" Mo ní ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dífá, ibi àìsàn ló yọ. Ó gbé ìbò, ó béèrè bóyá ọ̀dọ̀ òun ni ìwòsàn wà, Ifá ní rárá. Ó béèrè bóyá ilé ìwòsàn ni, Ifá ní bẹ́ẹ̀ ni. Baba ní, "Awo, dìde. Lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Má sùn mọ́jú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Àwọn kan rò pé bí ènìyàn bá ń sin Ifá, kò gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ta ló kọ́ wọn? Ìbò wà lọ́wọ́ wa kí a lè mọ ọwọ́ tí ire wà. Babaláwo tó mọṣẹ́ máa ń rán aláìsàn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé-ọmọ, sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Kí ló wá dé tí kò fi ní rán an lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹ̀jẹ̀?

Nígbà tí mo dé ọsibítù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí ni pé ǹjẹ́ mo rìnrìn àjò láìpẹ́ yìí. Ẹ̀rín pa mí pẹ̀lú bó ṣe rẹ̀ mí tó, torí ìbéèrè olúwo mi ni ó tún ń béèrè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Máléríà ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní falciparum, tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa, tó sì le jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n dá mi dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n fún mi ní hóró oògùn mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún mi nílé fún dókítà, látorí ejìnrìn dé ìgò màámi. Ó ní kí n fi àgbo àti cerasee sílẹ̀ ná títí oògùn á fi tán. Ó ní oúnjẹ tó lọ́ràá tàbí mílíìkì ni kí n máa fi oògùn náà jẹ, torí ọ̀rá ló ń jẹ́ kó wọ ara. Bí ife ará Poland ṣe rí iṣẹ́ ṣe nìyẹn o! Mílíìkì àti bọ́tà rẹ̀ kò lè pa máléríà, ṣùgbọ́n nígbà tí a ti mọ ohun tó ń ṣe mí, a rí àyè tó yẹ ẹ́.

Ẹ ó ha gbàgbọ́ pé hóró oògùn yẹn pàápàá, ewé ni? Ní 1967, lásìkò ogun Vietnam, ìjọba China kó àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n wá oògùn máléríà, torí ó ń pa ọmọ ogun nínú igbó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou wà lára wọn. Òun àti ikọ̀ rẹ̀ kó ìlànà oògùn ìbílẹ̀ tó lé ní 2,000 jọ láti inú ìwé àtijọ́ àti lẹ́nu àwọn àgbà oníṣègùn. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Ló bá padà sínú ìwé Ge Hong, oníṣègùn tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin. Ohun tí Ge Hong sọ ni pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu omi rẹ̀. Kò dárúkọ iná. Obìnrin yìí wá rò ó pé bóyá iná tí àwọn fi ń sè é ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó yí ọwọ́ padà, ó yọ agbára ewé náà láìjẹ́ kí ooru pọ̀, ó sì jẹ́. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ara wọn dán an wò, kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ tẹ́tí sí orúkọ tí a ń pe oògùn wa: àgbo. Bí a bá fi ọwọ́ fún ewé sínú omi, a ní a gbo ó. Ohun tí Ge Hong ní kí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn! Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọwọ́ tí a fi mú ewé ló ń sọ ohun tí ewé máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ní èyí tí a ń gbo, èyí tí a ń sè, èyí tí a ń gún di àgúnmu, èyí tí a ń jó di ẹ̀tù, àti èyí tí a ń fi ṣe àsèjẹ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé "ewé báyìí ń wo ibà," ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Báwo la ṣe ń ṣe é? Báwo ló ṣe ń pọ̀ tó? Fún ta ni? Ewé qinghao yìí kan náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò fọwọ́ sí kí a máa sè é mu bíi tíì fún máléríà, torí agbára inú ife kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì, èyí tí kò bá tó á kàn kọ́ àìsàn náà ní bó ṣe máa ya olóríkunkun.

Ẹ rántí ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ọ̀sanyìn. Àwọn àgbà sọ pé Ọ̀rúnmìlà ní kí Ọ̀sanyìn lọ bá òun ro oko. Nígbà tí yóò fi dé ibẹ̀, kò tíì ro nǹkan kan. Ọ̀sanyìn ní báwo ni òun ṣe fẹ́ gé èyí, tó ń wo ibà? Báwo ni òun ṣe fẹ́ gé tọ̀hún, tó ń wo inú rírun? Kò sí èyí tí kò níṣẹ́ nínú wọn. Ọ̀rúnmìlà kò bínú. Ó mú un mọ́ra, ó ní kó máa wá jókòó ti òun bí òun bá ń dífá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rò ó wò. Gbogbo ewé ló níṣẹ́, ìyẹn ni Ọ̀sanyìn mọ̀. Iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ lónìí? Ìyẹn ni Ọ̀rúnmìlà ń béèrè. Bí a bá ya àwọn méjèèjì, oko ewé la ní, a ò ní ìwòsàn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ewé ilẹ̀ òkèèrè dẹ́rù bà yín. Dogonyaro tí màámi fi sínú ìgò, láti Íńdíà ló ti wá, orúkọ Haúsá ló sì ń jẹ́ lẹ́nu wa. Ìbẹ́pẹ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọsàn wẹ́wẹ́, láti Éṣíà. Ewé Akíntọ́lá tí a ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, Amẹ́ríkà náà ni ilé rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia àti Kúbà, àìsàn ká wọn mọ́ ilẹ̀ àjèjì ju bó ṣe ká èmi mọ́ Peckham lọ. Kò sí fóònù, kò sí màámi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ewé lọ́wọ́ ilẹ̀ tuntun. Ibi tí obì kò sí ní Kúbà, àgbọn ni wọ́n fi ń béèrè lọ́wọ́ òrìṣà títí dòní. Ní Bahia, wọ́n ṣì ń pe pèrègún ní pèrègún. Ohun tó yí padà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fi ìbéèrè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ ó ṣe, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí. Ní 2023, ó lé ní 2,000 ènìyàn tí wọ́n rí máléríà lára wọn ní UK. Ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti kó o, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé ilé ni wọ́n lọ, wọ́n lọ kí bàbá àti ìyá. Ìwọ tó o dàgbà ní Àgọ́-Ìwòyè, o lè máa sọ pé ibà ò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Bí o bá ti pẹ́ lóde, ara rẹ ti ń gbàgbé ìjà tó ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Falciparum lè gba ẹ̀mí láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ibà bá mú ọ lẹ́yìn tí o ti ilé dé, ì báà ṣe ọ̀sẹ̀ kan, ì báà ṣe oṣù mẹ́ta, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró kí wọ́n tó bi ọ́. Sọ ọ́ fúnra rẹ pé: "Mo ti Nàìjíríà dé."

Bí o bá ti mu ewé, sọ fún dókítà. Ojú kì í ti aláìsàn. Ejìnrìn máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lè mu ún kó dá kú, aláboyún kò sì gbọdọ̀ mu ún. Ìgò tí o kò mọ ọwọ́ tó sè é, tí o kò mọ ewé inú rẹ̀, tí ògógóró ń ta sánsán lẹ́nu rẹ̀, gbé e sílẹ̀. Bí awo kan bá sì sọ fún ọ pé Ifá ní kó o má yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wá awo mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n má kọ ife aládùúgbò rẹ pẹ̀lú ìwọ̀sí. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, bi í ní orúkọ ewé rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi wò nílẹ̀ wọn. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé kò kan àìsàn rẹ, o ti rí ẹni tó mọ̀ pé ara rẹ ò yá. Ní ìlú tí ilẹ̀kùn olúkúlùkù ń wà ní títì, oore ńlá nìyẹn, ó sì yẹ ká san án padà lọ́jọ́ tí ara tirẹ̀ náà ò bá yá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ibùsùn lónìí ní ìlú tí ẹ kò ní ìyá, kí Ifá fi ẹni tó máa bi yín léèrè ránṣẹ́ sí yín. Kí ẹnu yín lè sọ ohun tó ń ṣe yín, kí ẹni tó máa gbọ́ má di etí. Kí Ọ̀sanyìn fi ewé tó yẹ lé ọwọ́ tó yẹ. Ẹ ó padà wálé, ẹ ó bá wa láyọ̀, a ó sì bá yín pẹ̀lú ara líle.

Àṣẹ o. Àbọrú, àbọyè.